Bí Mo Ṣe Tún Kíláàsì Sáíkọ́lọ́jì Mi Tò, àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ó Gba Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ́wọ́ Mi

Ìwé ìdánwò ni ó bí mi nínú. Ní ìparí sáà àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tí ó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú, bí ó ṣe ń rántí àti bí ó ṣe ń fọkàn sí nǹkan, mo jókòó ti òkìtì ìwé ìdáhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi gan-an ni mo sì ń kà láti ewé kan dé èkejì. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ ọ́ pé ní ọdún 1956, George Miller sọ pé nǹkan bíi méje, kí ó lé méjì tàbí kí ó dín méjì, ni iyè lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ìdí tí nọ́ńbà fóònù fi ń rọrùn láti rántí bí a bá pín in sí ìdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó rí i pé inú ọ̀rọ̀ Miller kan náà ni ìdáhùn wà: ìdì kọ̀ọ̀kan ni iyè ń kà sí ohun kan. Wọ́n ti há ọ̀rọ̀ sórí, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Èyí tí ó dùn mí jù ni àkókò tí mo fi ṣòfò. Síláìdì tí mo ṣe lé ní ọgọ́rùn-ún, mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, mo fi àwọ̀ sí wọn, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní gbogbo sáà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá láìjẹ́ pé mo fà á jáde: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èyí máa jáde nínú ìdánwò?”

Ìtìjú ibẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú síláìdì wọ̀nyẹn dá lórí ìtọpinpin fúnra rẹ̀. Mo ti kọ́ wọn pé ní ọdún 1994, George Loewenstein ṣàlàyé pé ìfẹ́ láti mọ̀ máa ń jí nígbà tí ènìyàn bá rí àlàfo láàrin ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá kò lè rí àlàfo, ẹni tí ó sì gbà pé òun ti mọ̀ tán kò ní wá a. Mo sọ èyí fún wọn, mo sì ń bá a lọ láti máa fún wọn ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì béèrè.

Mo pinnu pé ní sáà kejì, orí ara wọn ni wọn yóò ti kọ́kọ́ rí ohun gbogbo. Kí n tó sọ orúkọ olùwádìí kankan, wọn yóò ṣe àdánwò náà fúnra wọn, wọn yóò sì ti kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n tó rí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò gba àlàyé. Àdánwò Stroop ti ọdún 1935, níbi tí ènìyàn ti ń pe àwọ̀ tí a fi kọ ọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ orúkọ àwọ̀ mìíràn, kò ju bébà àti gègé aláwọ̀ oríṣiríṣi lọ. Ti Loftus àti Palmer ti ọdún 1974 ni mo fi ń yangàn títí di òní: mo fi fíìmù kékeré kan hàn wọ́n níbi tí ọkọ̀ méjì ti forí sọ ara wọn, mo wá pín ìwé ìbéèrè méjì lórí bí eré ọkọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, tí ọ̀rọ̀ kan péré fi yàtọ̀ síra. Ìdajì kíláàsì ka “nígbà tí wọ́n rọ́ lu ara wọn,” ìdajì yòókù ka “nígbà tí wọ́n fara kan ara wọn.” Nínú ìwádìí ti àtètèkọ́ṣe, ọ̀rọ̀ tí ó le jù mú kí àwọn ènìyàn fojú díwọ̀n eré ọkọ̀ sí ohun tí ó lé díẹ̀ ní máìlì 40 ní wákàtí kan, èyí tí ó rọ̀ jù sì fa máìlì 31.8. Bákan náà ni tiwa ṣe yapa síra lójú ẹsẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ara wọn láti wo ohun tí ó fà á. Mo rìn jáde ní ọjọ́ náà bí ẹni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ.

Ìgbéraga yẹn kò pẹ́. Àdánwò ìrántí èké ni ó kàn, òun ni ó sì fojú mi rí màbo.

James Deese ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1959, Roediger àti McDermott sì tún un gbé yẹ̀wò ní ọdún 1995. A óò ka ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kan sétí àwọn ènìyàn, tí gbogbo rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ kan tan, ṣùgbọ́n a kò ní pe ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí a kò pè mọ́ ọn. Nínú àdánwò àkọ́kọ́ ti ọdún 1995, ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100. Ọ̀wọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni èyí tí ó yí oorun ká. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì sùn dáadáa.

Nígbà tí mo kà á nínú kíláàsì, agbára káká ni ènìyàn mẹ́ta fi bọ́ sínú pàkúté náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ má bínú mà, ẹ ti pe ọ̀rọ̀ náà fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣé kò sí nínú ibùsùn ni? Ṣé kò sí nínú hanrun ni?” Òótọ́ ni ó sọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ náà tí a ti ń gbọ́ “sleep” nínú rẹ̀. Nínú tiwa, bí a bá yọ àlá, àárẹ̀, ìsinmi àti tòògbé kúrò, ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ nípa oorun láìjẹ́ pé oorun tàbí sùn farapamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mẹ́ta tí ó kọ ọ́ pàápàá, ta ni yóò sọ bóyá ìrántí èké ni tàbí etí wọn ni ó gbọ́ ọ?

Mo ní kò burú, n kò ní túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́. N óò béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì mìíràn pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn bí wọ́n bá ti rí oorun àti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí wọ́n bá kọ ni n óò sì fi ṣe ọ̀wọ́ tèmi. Mo tẹ ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, mo sì gbé e fún ẹni tí yóò bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ìwé padà wá láti kíláàsì, ohun tí wọ́n kọ síwájú oorun ni ooru, ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀, àwọ̀sánmà. Ẹnì kan kọ imú. Mo wo ìwé náà dáadáa: gbogbo àmì orí rẹ̀ ni ó ti sọnù, oorun ojú, oòrùn ojú ọ̀run àti òórùn tí imú ń gbọ́ sì ti di ohun kan náà. Mo padà lọ bá ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ló yọ wọ́n nítorí ẹ̀rọ ń sọ wọ́n di àpótí kéékèèké, pé ta ni ó tilẹ̀ ń wo àmì. Ọ̀sẹ̀ kejì ti lọ nìyẹn.

Inú ìbínú yẹn ni mo fi gbé ìwé tí ó bàjẹ́ náà wọ kíláàsì tèmi, nítorí pé n kò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fi kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ìdí tí ó fi jẹ́ pé oòrùn ni ọ̀pọ̀ kà, tí kì í ṣe oorun. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jiyàn. Àwọn kan ní nítorí pé ọ̀sán ni wọ́n kọ ìwé náà. Ọmọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rí ní kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ lórí ìwé: òjò ni. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé àlá ni ó ṣáájú, ohun mìíràn ni wọn ìbá kọ. Kí n tó dá a lóhùn, wọ́n ti ń ṣètò bí wọn yóò ṣe tẹ ìwé méjì, kí ọ̀kan ní òjò, kí èkejì ní àlá, àti bí ẹni tí ó gbà á kò ṣe ní mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ṣe é fúnra wọn, àbá ọmọkùnrin náà sì dúró. N kò kọ ọ̀kankan nínú èyí sí ìlànà ẹ̀kọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi oorun sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń sùn. Dókítà ni mo fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́, aláìsàn àti ìwòsàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì mìíràn yẹn kọ síwájú rẹ̀, mo sì fi gègé fi àmì sí ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù kọ bóyá òun yóò ṣe àṣìṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni wọ́n kọ pé àwọn ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ìdajì wọn tí ó kọ dókítà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó tú àṣírí ibùsùn sì búra pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ènìyàn mẹ́ta ni n óò kọ́kọ́ dán àdánwò wò lára wọn kí n tó gbé e wọ kíláàsì, n kò sì ní túmọ̀ ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kankan láé. N kò tún ní máa kánjú ṣàlàyé. Ní ọjọ́ dókítà, mo pa ẹnu mọ́ títí di kíláàsì tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì mú àlàyé tiwọn wá, méjì nínú rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ìdánwò kékeré tí mo ń fi parí kíláàsì ṣì ń bí wọn nínú. N kò yọ ọ́, nítorí pé Roediger àti Karpicke ti fi hàn ní ọdún 2006 pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí a dán wò máa ń rántí ju ẹni tí ó kàn tún ìwé kà lọ.

Káàdì mẹ́rin tí Peter Wason fi ṣe àdánwò ní ọdún 1966, níbi tí ènìyàn ti ń yan káàdì tí yóò ṣí láti mọ̀ bóyá òfin kan jẹ́ òótọ́, kú mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà dá wọn lójú débi pé wọn kò rí ìdí láti béèrè nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ lórí èdè pẹ̀lú ṣì wà bí ó ti wà: mo ní síláìdì ọgbọ̀n lórí bí Chomsky, onímọ̀ èdè, ṣe ta ko Skinner, tí ó gbà pé bí a ti ń kọ́ ìwà yòókù ni ọmọ ṣe ń kọ́ èdè, ní ọdún 1959, n kò sì tíì rí ohun tí mo lè fún wọn ṣe. Bí mo bá dé ibẹ̀, ìdajì kíláàsì a máa gbórí lé tábìlì, kò sì sí ẹni tí ó nílò àmì ohùn láti mọ èyí tí ó gbé wọn lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.