Pẹpẹ ìwé ogójì: bí a ṣe ń yan ìwé, bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń yá ènìyàn

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó wá di irun wẹ́wẹ́ lè lo wákàtí mẹ́rin lórí ìjókòó, fóònù rẹ̀ á sì ti kú kí wọ́n tó di ìdajì orí. Pẹpẹ ìwé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí wúlò níbẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n tí kò síná fún lọ. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni, tàbí pálọ̀ agboolé, ọ̀nà kan náà ni.

Ogójì ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní dandan ọgọ́rùn-ún lòun fẹ́ máa ń kó ohunkóhun tó bá rí ni: ẹ ó bá ìbéèrè JAMB àtijọ́ mẹ́wàá níbẹ̀, àti ìwé ìṣirò tí èèpo rẹ̀ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó máa kà á

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wo àwọn tó ń wọlé. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀ nípa wọn: ọjọ́ orí wọn, èdè tí wọ́n ń kà láìfagidi, àti bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó lórí ìjókòó. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì á máa rìn. Lẹ́bàá ọjà, ti Yorùbá ni kó pọ̀ jù.

Ẹ má rò pé àwọn ìyá wa kì í kàwé o. Ìyá tó ń ka Bíbélì Yorùbá láràárọ̀ lè ka ìtàn àròsọ dáadáa. Lẹ́tà kéékèèké ló máa ń lé e sá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà máa ń kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn”, bí Bíbélì àtijọ́ ṣe kọ wọ́n. Àgbà á kà á bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi “ayé” àti “ènìyàn” kọ́ nílé ìwé á máa kọsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé kan náà ní ìtẹ̀jáde àtijọ́ àti tuntun, ẹ ra tàtijọ́ fún àgbà, kí ẹ ra tuntun fún ọmọ.

Bí a ṣe ń pín ogójì náà

Ìtàn àròsọ 14 (mẹ́sàn-án Yorùbá, márùn-ún Gẹ̀ẹ́sì), eré oníṣe mẹ́rin, ewì àti àlọ́ mẹ́rin, ìwé ìmọ̀ 12, ìwé ọmọdé mẹ́fà. Kì í ṣe òfin. Ẹ lè fi méjì mẹ́ta dín níbì kan kún ibòmíràn. Ẹ má kàn jẹ́ kí ìwé ìmọ̀ ju ìtàn lọ níbi tí ènìyàn ti ń dúró de nǹkan, torí ìtàn ló ń mú kí wọ́n béèrè pé “ṣé mo lè mú un lọ sílé?”

Nínú ìtàn àròsọ, ẹ má ra oríṣi kan ṣoṣo. Ìwé Fágúnwà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ nínú wọn ti jáde láti 1938, ṣùgbọ́n ẹ má fi í lé ẹni tí kò ka ìwé Yorùbá rí lọ́wọ́: gbólóhùn rẹ̀ ń gùn, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sì kún un. Ìtàn ọ̀daràn àti ìwádìí ni kí ẹ fi fa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, kọ ní 1969 dára fún èyí. Eré oníṣe ní tirẹ̀ ṣeé pín kà: ẹni mẹ́ta lè gba ipa mẹ́ta, kí ṣọ́ọ̀bù sì kún fún ẹ̀rín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan le jù fún ẹnìkan, ẹ ní kó ka ojú ewé kan láàárín ìwé náà, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò yé e. Bí ìka márùn-ún bá pé kí ojú ewé tó tán, ẹ mú èyí tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ fún un.

Ìwé ìmọ̀ a máa gbó

Ìtàn àròsọ kì í di èké nítorí ọjọ́ orí, ìwé ìmọ̀ ń dì í. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, ibẹ̀ ni ọdún ìtẹ̀jáde máa ń wà. Bí wọ́n bá ti ya á, àwọn àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìwé àwòrán ilẹ̀ tó bá fi Òṣogbo sínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà ṣáájú August 1991, nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Èyí tí kò bá ní Èkìtì ti wà ṣáájú October 1996. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 náà ńkọ́? Ẹ wo ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ. Bí ó bá kọ 40, ó ti wà ṣáájú àtúnṣe 2018 tó sọ ọ́ di 35. Ẹ má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí pẹpẹ, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Ìwé ìlera, ti kọ̀ǹpútà àti ti owó orí ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ìtàn ìlú àti òwe kì í tètè bàjẹ́: ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, parí ní 1897, tí kò sì jáde títí di 1921, ṣì ń wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ Ilé.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Bí ẹ bá ń ra ìwé àlòkù, ẹ má wo èèpo ẹ̀yìn nìkan. Ẹ di ìwé náà mú níbi ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò ṣí i fìrìfìrì, kí ojú yín wà lára nọ́ńbà ojú ewé. Àpò-àpò ni wọ́n máa ń di ìwé, àpò kan sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 16 tàbí 32, nítorí náà nọ́ńbà lè fò láti 48 bọ́ sí 65 láìsí pé ìwé náà fẹ́lẹ́ lójú. Ẹ wo ojú ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ya jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọn ìwé náà sórí bébà funfun. Bí lẹ́búlẹ́bú bá dà sílẹ̀ láti inú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ṣì wà láàyè níbẹ̀. Bó ti wù kó wọ́n tó, ẹ dá a padà, torí kò ní jẹ òun nìkan. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí òjò pa, ó ti bu nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ayédèrú ìwé tuntun ní àmì tirẹ̀: lẹ́tà rẹ̀ máa ń ṣú bí ohun tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe, etí ìlà ń wọ́, àwọ̀ èèpo ṣá. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé (ISBN) tó fi 978-978 bẹ̀rẹ̀, tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà kò fi hàn pé ojúlówó ni, torí ẹni tó ṣe ayédèrú á ṣe nọ́ńbà náà pẹ̀lú.

Ṣíṣí ìwé tuntun, àti bíbò ó

Ohun tó ń pa ìwé elẹ́yìn gọ́ọ̀mù jù ni kí wọ́n ṣí i gbàdàà ní àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́ọ̀mù á là, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, ewé á sì máa já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ẹ̀yìn ìwé náà lé tábìlì. Ẹ jẹ́ kí èèpo méjèèjì sùn sílẹ̀, kí ẹ ṣì di inú rẹ̀ mú lóòró. Ẹ tẹ nǹkan bí ewé mẹ́wàá sílẹ̀ láti iwájú, ẹ fi ìka fà á lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ níbi ìdí. Ẹ tẹ mẹ́wàá láti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni títí ẹ ó fi dé àárín.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló dára jù fún bíbò, kí ojú funfun wà níta, kí ẹ lè kọ àkọlé sí ẹ̀yìn. Ẹ fi ínṣì méjì sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́po. Bí ewé bá ya, ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Á pọ́n, á gbẹ, á sì bọ́. Ẹ má sì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ rárá: oúnjẹ aáyán ni. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Pákó, ikán àti òjò

Kí pákó jẹ́ ínṣì kan ní nínípọn, kí ibi tí kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tẹ̀. Ara ògiri ni ikán ti máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ mọ ọ̀nà rẹ̀ wá, nítorí náà ẹ fa pẹpẹ kúrò lára ògiri ní ínṣì mẹ́ta, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo tí òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù wà nínú rẹ̀. Àlàfo náà ló tún ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba ẹ̀yìn ìwé kọjá lásìkò òjò.

Yíyá

Ìwé ìkọ̀wé olójú ewé 60 tó: ọjọ́, orúkọ, fóònù, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìdápadà. Ìwé kan fún ẹnìkan, ọjọ́ 14. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn èèpo iwájú, kí ẹ tún kọ ọ́ sí ojú ewé 17 nínú gbogbo ìwé. Ẹni tó bá ya èèpo rẹ̀ kò ní mọ̀ pé àmì kan ṣì kù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka àkọsílẹ̀ yìí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò yá, ẹ gbé e sí ibi tí ojú ń bá pàdé, kí èèpo rẹ̀ kọjú síta, fún oṣù kan. Bí wọn kò bá tún mú un, ẹ fi ṣe pààrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù.