Bí Mo Ṣe Gún Àwọn Adìyẹ Mi ní Àjẹsára Ìgbóná

Òjò ti ń ṣú, àwọn adìyẹ ẹlẹ́yin tí mo ń sìn sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀fọn pọ̀ kí n tó gún wọn ní àjẹsára ìgbóná adìyẹ, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní fowl pox. Ẹ̀fọn tó bá fa ẹ̀jẹ̀ èyí tó ń ṣàìsàn ló ń gbé e lọ fún èyí tí ara rẹ̀ le. Adìyẹ tó ń sọ ara wọn lẹ́nu náà ń kó o láti ojú ọgbẹ́. Èépá tó bá sì já bọ́ sílẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń padà wá sí àgò tó bá ti wọ̀ rí.

Kò sóògùn tó ń pa á. Èyí tó yọ sí ogbe àti etí ojú ṣì sàn díẹ̀, èépá á gbẹ, adìyẹ á sì rí ara gbà. Èyí tó wọ ẹnu àti ọ̀fun ló ń pa wọ́n, torí wọn ò ní lè gbé oúnjẹ mì, èémí á há. Àwọn kan ń fi epo pupa pa á. Epo lè mú èépá rọ̀, àmọ́ àrùn náà ò gbọ́ tepo.

Àjẹsára tí wọ́n ń ṣe ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran, ni mo lọ béèrè. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, orí káńtà ni ọmọkùnrin náà ti mú un.

“Àbúrò, fìríìjì yín ń kọ́?”

“Àárọ̀ ni wọ́n mú iná lọ, Mọ́mì. Kò ní nǹkan kan ṣe é.”

Mo ní ó dàbọ̀. Abẹ̀mí ni ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Bí ooru bá ti pa á, omi lásán lèèyàn ń gún. Ṣọ́ọ̀bù kejì mú tiwọn jáde nínú fìríìjì, mo sì gbé e sínú kúlà tí mo kó yìnyín sí.

Ìrọ̀lẹ́ la ṣe é, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. A yọ àwọn tí ara wọn ò yá sọ́tọ̀, torí a kì í gún aláìsàn. Mo da omi tó bá oògùn gbígbẹ náà wá sínú rẹ̀, mo rọra ń yí i títí tó fi yòrò. Láti ìgbà náà, wákàtí méjì péré ni mo ní láti fi lò ó tán.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó méjì, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí oògùn ń dúró sí. Ọmọ náà á di adìyẹ mú, á na apá rẹ̀, èmi á ya ìyẹ́ sọ́tọ̀ títí n ó fi rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbi tí apá ti ká. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wà á rí iṣan ẹ̀jẹ̀. Yẹ̀ fún un, kó o sì yẹ̀ fún egungun. Mo á ti abẹ́rẹ́ bọ oògùn, mo á gún awọ náà láti abẹ́ títí tó fi yọ lókè, mo á fà á yọ. Mi ò jẹ́ kó kan ìyẹ́ tàbí ojú adìyẹ. Nígbà tí a ṣe tán, mo jó ìgò àti ìyókù rẹ̀, a sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé àjẹsára ò ṣiṣẹ́, wọn ò wo apá padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo mú bíi mẹ́wàá láti igun àgò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ibi tí mo gún ti wú, ó le lọ́wọ́, àwọn míì ti ní èépá kékeré. Ó ti mú nìyẹn. Ká ní kò wú lára ọ̀pọ̀ wọn ni, ó lè jẹ́ pé oògùn ti kú tàbí pé a gún un tì, mi ò bá pe dókítà ẹran ká tún un gún.

Mo da omi inú àwọn táyà ẹ̀yìnkùlé nù, mo sì ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé àgò, torí ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààbò tó dúró dáadáa. Ìyá tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi bi mí bóyá ọmọ òun lè kó o. Mo ní rárá, kì í ran èèyàn.

Tòlótòló méjì ló ṣì kù. Itan ni dókítà ní kí n ti gún àwọn yẹn, torí abẹ́ apá ni wọ́n máa ń ki orí bọ̀ sùn, oògùn ibẹ̀ á sì kan ojú wọn.