Táńkì tó ti gbẹ gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù

Ẹ̀yin wẹ́dà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé epo, táńkì tí epo ti tán nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún ju èyí tó kún lọ. Wẹ́dà kan wà ládùúgbò wa tẹ́lẹ̀, ó fi ìka kan táńkì kó-kó-kó, ó ní ọ̀gá ó ti gbẹ, ló bá fẹ́ ṣáná sí i, ọpẹ́lọpẹ́ dírẹ́bà tó já wáyà gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wò ó, epo fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń gbiná, gáàsì tó ń yọ lára ẹ̀ ni. Tí gáàsì bẹntiróòlù bá ti tó 1.4% nínú afẹ́fẹ́, ó ti lè bú gbàmù nìyẹn, tó bá kọjá 7.6% afẹ́fẹ́ ò ní tó tó máa fi jó mọ́. Táńkì tó kún, gáàsì orí epo máa ń pọ̀ jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fa epo tán tí afẹ́fẹ́ wọlé, ó ti bọ́ sáàárín méjèèjì, ìdọ̀tí àti ìpẹtà ìsàlẹ̀ á ṣì máa tú gáàsì sílẹ̀. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà bí ejò, á wọ gọ́tà, á lọ bá ìyá alákàrà nídìí ààrò.

Tó bá jẹ́ táńkì mọ́tò, ẹ yí epo tó kù sí kẹ́ẹ̀gì tó nídèérí (kì í ṣe gọ́tà o!), ẹ fi omi gbígbóná àtọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi kún un títí dé etí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jó, kẹ́ ẹ ṣí ẹnu ẹ̀ sílẹ̀. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ tàbí ti dípò (ibi tí wọ́n ń kó epo ńlá pamọ́ sí), ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi tí ọ̀gá séfítì bá ti ju mítà tó ń wọn gáàsì dé ìsàlẹ̀ tó rí òdo tó sì buwọ́ lùwé, tẹ́ ẹ bá lọ jẹun tẹ́ ẹ padà kó tún un wọ̀n.

Tí táńkà bá fẹ́ já epo, wáyà ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ so kẹ́ ẹ tó fa hóòsì, torí epo tó ń sáré nínú hóòsì máa ń kó iná mànàmáná jọ, wáyà yẹn ló máa gbé e wọlẹ̀. Tó bá já a tán, ẹ má ki ọ̀pá ìwọnpo bọ táńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Kẹ́ẹ̀gì tó wà ní búùtù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọ epo sí i.

Bí iná bá mú èèyàn, kó má sáré, kó yí nílẹ̀. Iná kú tán, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa jàre. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Òrùka àti aago, ẹ tètè bọ́ wọn kí ọwọ́ tó wú, ká tó forí lé ọsibítù.