Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Ta? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkó Òṣìṣẹ́ Jọ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó tó ń rẹ́ wọn jẹ kò lè máa ṣe gbogbo ìpàdé wọn nínú ilé àwọn olówó náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò le, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwùjọ tó lòdì sí kápítálíìsì ti kọ́kọ́ ń ṣìnà. Èrò wọn dára, ọ̀rọ̀ wọn múná, àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Nídìí ohunkóhun tí ẹ bá ń gbé kalẹ̀, ẹ máa bi ara yín pé: ta ló lè tì wá mọ́ ìta?

Kíkọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀

Ká ní àwùjọ kan ní èèyàn 3,000 lórí Facebook. Ẹ ní kí alábòójútó mú ìwé orúkọ wọn wá: kò ní in. Facebook ló ni ín. Facebook náà ló ń pinnu iye èèyàn tí yóò rí ohun tí ẹ kọ lónìí, á sì tún ní kí ẹ sanwó kí ọ̀rọ̀ yín tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fẹsẹ̀ ara wọn wá bá yín. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 6, ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn kò rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Google+ kógbá sílé ní oṣù Kẹrin 2019. Yahoo Groups pa àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó sì ti ìlẹ̀kùn pátápátá ní oṣù Kejìlá 2020. Nígbà tí Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù 44 dọ́là ní 2022, ẹnikẹ́ni kò bi àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn mú ibẹ̀ gbèrú bóyá wọ́n fọwọ́ sí i.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sá kúrò lójú títì, ìyẹn àwọn ìkànnì ńlá bíi Facebook. Àṣìṣe tó tún burú nìyẹn, torí ojú títì ni èrò wà. Ẹ máa ti ibẹ̀ ké sí èèyàn, kí ẹ sì ní ilé tiyín tí ẹ ó mú wọn lọ. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wọ ilé náà ni àkójọ àdírẹ́sì ímeèlì. Áàpù lè tẹ̀ lé e. Tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì yín ró, bá bàjẹ́, tàbí tí wọ́n ti ojú ewé yín pa lọ́gànjọ́, àkójọ yẹn lẹ ó fi wá ara yín rí. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀dà náà sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ lápò ẹnì kan

Ẹnì kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló ra dóméènì, ìyẹn orúkọ tí ìkànnì yín ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì báǹkì rẹ̀ ló fi sanwó, ímeèlì rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ń lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, káàdì náà ti kú, òun náà ti gba iṣẹ́ alẹ́, kò sì ráyè ka ímeèlì mọ́. Bó bá jẹ́ .com ni, ẹni tó tà á fún yín sábà máa ń yọ̀ǹda ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún bá pé. Lẹ́yìn ìyẹn ni 30 ọjọ́ ìràpadà, tí owó rẹ̀ ju owó ọdún kan lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹfà, ẹni tó bá yára jù ló ni ín, àwọn tó sì ń dọdẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sùn.

Nítorí náà, ẹ san ọdún mélòó kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; .com gbà tó ọdún 10. Kí èèyàn mẹ́ta ní ọ̀nà láti wọlé sí dóméènì, sí sáfà àti sí owó, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé wà nínú àpótí ọ̀rọ̀ ìwọlé bíi Bitwarden tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò, kí wọ́n sì tẹ kóòdù ìgbàwọlé sórí ìwé pa mọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ẹ má fi ímeèlì tó wà lórí dóméènì yẹn gan-an forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tí dóméènì bá já, ímeèlì náà já, kò sì ní síbi tí wọ́n máa fi kóòdù tí ẹ ó fi tún un gbà ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kúrò nínú àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà. Bí ẹ bá tilẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín pínyà, ẹ yí i padà.

Ẹ̀rọ tó ju agbára lọ

Ìgbóná ọkàn ló máa ń fa èyí. Ẹ fẹ́ Mastodon (ìkànnì tó jọ Twitter tí ẹ lè gbé sórí sáfà tiyín), ẹ fẹ́ Matrix (ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀), ẹ fẹ́ ibi fídíò, gbogbo rẹ̀ lóṣù kan náà, ẹni tó lè tún un ṣe sì jẹ́ ẹyọ kan. Mastodon máa ń tọ́jú ẹ̀dà àwòrán àti fídíò tó ń wọlé láti orí àwọn sáfà mìíràn. Tí ẹ kò bá sọ iye ọjọ́ tí yóò fi tọ́jú wọn, díísìkì kékeré á kún, gbogbo nǹkan á sì dúró. Discourse, ẹ̀rọ fún ibi ìjíròrò, fẹ́ RAM (àyè ìrántí tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́) 1GB ó kéré tán, pẹ̀lú swap (àyè díísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́), 2GB ló dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí èèyàn méjì mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ má fi sáfà kékeré yín fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń yá sáfà ló ti pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, pa, èyí tó bá sì jáde á bọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí. Ẹ lo ilé-iṣẹ́ ìfiránṣẹ́, kí ẹ sì to SPF, DKIM àti DMARC sórí dóméènì yín, àwọn àmì tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́. Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ ṣe mẹ́ta, sórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn pátápátá. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì dán wò rí, ẹ má kà á sí ẹ̀dà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ rí i pó ṣí.

Ẹ rántí àwọn tí ẹ ń kọ́ ọ fún. Fóònù tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́fà, ojú rẹ̀ ti là, dátà ẹni tó ni ín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: òun ni kí ẹ fi dán iṣẹ́ yín wò. Ojú ewé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 500KB lọ. Ìbò tí ẹ ṣí ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí ẹ pa ní aago mẹ́wàá ti yọ àwọn oníṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ìyẹn àwọn tí ẹ ń sọ pé ẹ torí wọn péjọ. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 72.

Ọ̀gá wà láàárín yín

Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lórí ẹgbẹ́ WhatsApp, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń rí nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ẹni tí ọ̀gá bá rán wọlé á kó gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Signal ti jẹ́ kí èèyàn lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́ láti 2024, kó sì lo orúkọ àdàpè. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rọ̀ dàṣírí kankan kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú yàrá. A kì í mú ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì nínú ẹgbẹ́ èèyàn 400. Ẹ ní ibi gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà, àti ibi kékeré tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ẹni kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àwòrán kí ó tó jáde. Òṣìṣẹ́ kan ya ìwé owó oṣù rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orúkọ, àmọ́ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere ní igun ìsàlẹ̀. Fáìlì tó ti inú fóònù wá lè gbé ibi tí wọ́n ti yà á àti àkókò rẹ̀ lọ́wọ́. WhatsApp máa ń yọ èyí kúrò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fáìlì, ó kù síbẹ̀. Ẹ má béèrè orúkọ gidi tàbí ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Àkọsílẹ̀ IP, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi tí ẹni tó wọlé ti sopọ̀ hàn, ẹ pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ohun tí ẹ kò tọ́jú, kò sẹ́ni tó lè fi kóòtù gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kọ́ dípò ìdáhùn

Èyí ló ń dùn wá jù. Ẹnì kan wọlé ní òru, ó kọ ọ́ pé: «Wọ́n yọ wákàtí 3 kúrò nínú owó mi, kí ni mo lè ṣe?» Ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn ń tún ọ̀rọ̀ tó lò ṣe. Ẹnì kejì ń ṣàlàyé ohun tí Karl Marx sọ nípa èrè. Ilẹ̀ mọ́, ẹni náà lọ, kò sì ní padà. Ìwé kíkà dára, a ń kà á; àmọ́ owó tí wọ́n jí lánàá ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹni méjì sí ipò pé ìbéèrè àlejò kò gbọdọ̀ sun wákàtí 24 láìní ìdáhùn tó ṣe é lò: kọ ọjọ́ àti wákàtí tí o ṣiṣẹ́ sílẹ̀, tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù, wádìí ẹlòmíì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, má dá nìkan lọ bá ọ̀gá.

Owó àti agbára

Ìpolówó á mú ẹni tó ń sanwó di ọ̀gá yín. Ọlọ́rẹ olówó kan ṣoṣo náà, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn rere. Ẹ ka ìnáwó oṣù: sáfà, ìdá kan nínú 12 owó dóméènì ọdún kan, owó ìfiránṣẹ́, ibi ìpamọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni yóò máa san. Bí ẹ bá jẹ́ 400, kó jẹ́ ohun tí èèyàn 40 lè gbé. Ẹ ní owó oṣù 6 nílẹ̀, kí ẹ máa fi ìwé owó hàn gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Ẹni tó dá púpọ̀ àti ẹni tí kò rí dá, ìbò kọ̀ọ̀kan: irú òfin tí àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Rochdale sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844 ti lò nìyẹn. Social.coop, tó ń lo Mastodon láti 2017, ń fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, àwọn ló ń dáwó, àwọn ló ń pinnu.

Ẹ má sì sọ pé ẹ kò ní olórí nígbà tí ẹni mẹ́ta ń pinnu gbogbo nǹkan níkọ̀kọ̀. Olórí tí kò lórúkọ, a kò lè yọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe é síta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lo oṣù 6. Ẹni tó lé ọmọ ẹgbẹ́ jáde kọ́ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣílé ni kí ẹ ti kọ bí ẹ ó ṣe tì í sílẹ̀: ìkìlọ̀ ọjọ́ 60, ọ̀nà tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbà kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, ibi tí owó tó ṣẹ́ kù yóò lọ. Àkójọ àdírẹ́sì ni ẹ ó pa rẹ́ kẹ́yìn, lẹ́yìn tí lẹ́tà ìdágbére bá ti jáde tán.