Ẹrù Àlòkù Nínú Ilé Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Ilé ní Àbújá àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ilé ṣe ní Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya mọ bí owó ṣe ń fò lọ. Bíríkìlà ti gba tirẹ̀, onítáìsì ti gba tirẹ̀, ẹni tó kun ọ̀dà ṣì ń pè lórí fóònù pé ó ku díẹ̀. Ilé wá ń dán, ṣùgbọ́n orí ẹní ni tẹbí tará ń jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yáwó lọ ra àga tuntun tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn, tí kò ní rí ọyẹ́ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ra àlòkù. Egungun ẹrù ni kí ẹ san owó fún. Aṣọ, fóòmù, fáníìṣì, gbogbo ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Igi tí ikán ti jẹ, kò sí káfíńtà tó lè jí i dìde.

Ẹ wọn ilé kí ẹ tó ná ọjà

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kì í ṣe yàrá. Ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ jù nílé wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀ àti 7 ní gíga, ṣùgbọ́n férémù máa ń jẹ nínú rẹ̀, táìsì tuntun sì ti gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀. Ti yàrá inú lọ́hùn-ún lè má tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wọn kọ́rídọ̀ náà, àti ibi tí àtẹ̀gùn ti yà. Mo rí wọ́dúróòbù ọ̀gànwó kan tó sùn síta fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tó fi ayùn gé e sí méjì.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí àga yóò wà. Ẹ rìn yí i ká, ẹ jẹ́ kí ọmọ sáré kọjá. Bí ibẹ̀ bá há nígbà tó jẹ́ ṣọ́ọ̀kì lásán, ẹ tètè mọ̀ bí yóò ṣe rí bí àga bá débẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sínú fóònù, nítorí ọlọ́jà kò ní dúró dè yín kí ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ẹrù wà

Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya, ni àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń ran kúṣìn pọ̀ sí. Àga tuntun ni ọ̀pọ̀ wọn ń kàn, ṣùgbọ́n wọ́n á bá yín tún egungun àtijọ́ ṣe. Dei-Dei ni kí ẹ lọ bí ẹ bá ń wá pákó tí ẹ ó fi dí ibi tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ní àyè láti dé Kaduna, Panteka ti lórúkọ tipẹ́ fún irin, ilẹ̀kùn àlòkù àti iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kó pàǹtí kiri àdúgbò, tí a ń pè ní baban bola, náà máa ń ní ẹsẹ̀ tábìlì tàbí férémù irin tí wẹ́dà lè sọ di nǹkan gidi.

Èmi fúnra mi, ẹrù ẹni tó ń kó lọ ni mo fẹ́ràn jù. Àbújá kún fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àti àwọn àlejò tí iṣẹ́ wọn ti parí. Ẹ ó rí ibi tí àga náà gbé, ẹ ó sì rí ojú ẹni tó lò ó. Ìkánjú wà lọ́wọ́ wọn, kò sì yẹ kó wà lọ́wọ́ yín.

Lọ́jà, àlòkù ni à ń pè é, Hausa ń pè é ní gwanjo. Ẹ lọ láàárọ̀. Ọ̀sán Jímọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti pa nítorí ìrun. "Alhaji, nawa ne?" ni ẹ ó fi bèèrè iye tó jẹ́. "Rage mana" ni kó bá yín dín in kù. Bí ó bá dáhùn pé "Albarka", kì í ṣe àdúrà ló ń gbà fún yín, owó tí ẹ sọ kò tó ni. Ẹ má sì fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ ọlọ́jà níwájú rẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ Sábó Ìbàdàn.

Bí a ṣe ń yẹ igi wò

Ẹ dojú àga dé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ dojú rẹ̀ dé ti dá yín lóhùn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì kò bá tètè gbéra tẹ̀lé e, egungun rẹ̀ ti rọ. Ẹ fi ìka kan igi náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibi tó bá ń dún bí akèrègbè, ikán ti ṣe tibẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí ìyẹ̀fun tuntun ń dà jáde, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀ lónìí. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìrókò, ọ̀gànwó àti tíìkì tọ́ sí owó tí ẹ bá fi tún wọn ṣe. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, bí omi bá ti kàn án tí etí rẹ̀ wú, kò ní í padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Igi tó ti Èkó wá ti mu ọ̀rinrin sínú. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti Àríwá bá fẹ́ sí i láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, á súnkì, oríkèé rẹ̀ á máa dún, ojú rẹ̀ lè là. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ra igi nígbà ọyẹ́: àbùkù rẹ̀ á ti jáde síta. Bí dúrọ́ọ̀ bá sì há lóṣù kẹjọ, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà sáré fá a. Òjò ló wú u. Tí ẹ bá fá a nígbà náà, á máa yọ̀ ṣubú lóṣù kìíní.

Ìdun

Mo ra àga méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tí ilé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ mi jí pẹ̀lú wíwú mẹ́ta tó tò lápá rẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á. Oṣù mẹ́rin ni a fi bá ìdun jà nínú ilé tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Ìdun kì í wo ojú olówó.

Nítorí náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ wo ojú rírán, abẹ́ aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ ìdí àga, àti ihò skúrù. Àmì dúdú bíi yíǹkì tó gbẹ, awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ẹyin funfun kéékèèké, ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Àtẹ̀sùn fóòmù àlòkù, ẹ má rà á rárá. Tuntun ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá ti ra àga onígi, ìta ni kó kọ́kọ́ gbé. Ẹ ya aṣọ àti fóòmù rẹ̀ dànù, ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji. Ooru tó bá tó ìwọ̀n 55 ní sẹ́ńtígíréèdì ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé inú. Oòrùn lásán máa ń lé wọn wọnú igi ni. Kíkó àga sí sítọ́ọ̀ kí ebi lè pa wọ́n kò ràn án, nítorí wọ́n lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láì fẹnu kan ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Sniper sí ohun tí èèyàn yóò jókòó tàbí sùn lé. DDVP, oògùn apakòkòrò tó lóró, ló wà nínú rẹ̀, ó ń gba imú àti awọ ara wọlé. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré 100ml lọ́jà láti 2019. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kuje àti Gwagwalada, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà mìíràn: pákó ìpatẹ tó ti gbé oògùn oko, tàbí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, kò ṣeé sọ di kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Fífọ̀ kò tó.

Fírìjì àti ohun iná

Ẹ ka àmì ẹ̀yìn rẹ̀. 220-240V, 50Hz ni tiwa. Bí ó bá jẹ́ 110-120V, 60Hz, ọjà Amẹ́ríkà ni, iná wa á jó o láìlo tíráńsífọ́mà. Ẹ há owó bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn fírìjì, ẹ tì í, ẹ fà á. Bí ó bá yọ láìjà, rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ó kéré tán níwájú yín, kódà kó jẹ́ pé ẹ ó san owó bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbé e wálé, ẹ gbé e nàró fún wákàtí bíi mélòó kan kí ẹ tó tanná sí i.

Rìsíìtì

Ẹ gba ìwé tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àríwá àti Àbújá, kò dá ẹni tó gba ẹrù olè sí, bí ó bá mọ̀ tàbí bí ìdí bá wà tó fi yẹ kó mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tí ẹnì kan fẹ́ tà ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye rẹ̀ lálẹ́, ìdí ti wà.

Kí ẹrù tó wọlé

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú sáńpépà tó tutù, kí aboyún àti àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a.

Ibùsùn ọmọ ọwọ́: bí agolo ẹlẹ́rìndòdò bá lè gba àárín igi méjì kọjá, àyè náà ti fẹ̀ jù fún orí ọmọ. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga, ẹ dè é mọ́ ògiri pẹ̀lú irin àti skúrù, nítorí ọmọdé ń gun dúrọ́ọ̀ bí àtẹ̀gùn.

Símẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ṣì ń tú omi jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ògiri àti wọ́dúróòbù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà hu èbu. Ẹ gé sílípásì àtijọ́ wẹ́wẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan, kó má baà ha táìsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀.