Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dídá Ìbọn Ruger Àtijọ́ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ti Tuntun

Ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Sturm, Ruger ní Amẹ́ríkà gbé ìbọn ìléwọ́ Single-Six jáde. Blackhawk tẹ̀lé e ní ọdún 1955, Super Blackhawk sì dé ní ọdún 1959. Gbogbo wọn jẹ́ ìbọn onísílíńdà tí ó ń gba ọta mẹ́fà, tí a gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kí a tó lè yìn ín. Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ náà yí iṣẹ́ inú àwọn ìbọn wọ̀nyí padà pátápátá, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ìrísí wọn. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó bá jogún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bá rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn níbi tí òfin ti gbà á láyè, sábà máa ń fi ojú lásán sọ pé tuntun ni tàbí pé àtijọ́ ni. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Nínú ẹ̀yà àtijọ́, bí òòlù bá wà nílẹ̀, orí abẹ́rẹ́ tí ó ń gún ìdí ọta ni ó jókòó lé. Bí ọta bá wà nínú ihò tí ó kọjú sí abẹ́rẹ́ náà, tí ìbọn sì já bọ́ tí ẹ̀yìn òòlù lu ilẹ̀, ìbọn náà lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tí a ti ń yìn ín. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò fi ń kó ọta márùn-ún péré sí i, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí òòlù dojú kọ ihò tí ó ṣófo. Eyín kékeré kan wà lára òòlù tí ó lè dá a dúró díẹ̀ sẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn kan sì ń gbẹ́kẹ̀ lé e bí ààbò, ṣùgbọ́n eyín náà lè kán bí òòlù bá fi agbára gbá ilẹ̀. Nínú ẹ̀yà tuntun, òòlù kì í kan abẹ́rẹ́ rárá. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní transfer bar ni ó ń gòkè wá sí àárín méjèèjì nígbà tí a bá fa òòlù sẹ́yìn, òun ni ó sì ń gbé agbára òòlù dé ara abẹ́rẹ́. Bí òòlù bá ti balẹ̀ tí ìka sì kúrò níbi tí a ti ń yìn ín, irin náà á sọ̀ kalẹ̀.

Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ ni ti sukúrúù. Wọ́n máa ń sọ pé bí sukúrúù mẹ́ta bá wà ní ẹ̀gbẹ́ férémù, ìyẹn ara irin tí ó di gbogbo ẹ̀yà ìbọn mú, àtijọ́ ni, àti pé bí píìnì méjì bá wà níbẹ̀, tuntun ni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a ṣe ìbọn náà ni a ń wá, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí. Ilé-iṣẹ́ Ruger gbà láti fi transfer bar, irin ààbò yẹn, sínú àwọn ìbọn tí wọ́n ṣe láti ọdún 1953 sí 1972 lọ́fẹ̀ẹ́, sukúrúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ọ̀fìn kejì sì wà níwájú: ilé-iṣẹ́ a máa dá àwọn irin àtijọ́ padà fún ẹni tí ó ni ìbọn, àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ sì fẹ́ràn èyí tí ó wà bí ó ti jáde, nítorí náà ẹnìkan lè ti tú irin ààbò náà kúrò kí ó tó ta ìbọn ọ̀hún. Ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti tún un ṣe rí kò tó.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kọ́kọ́ kó gbogbo ọta kúrò, kí ó wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu. Lẹ́yìn náà, kí ó fa òòlù sẹ́yìn dé òpin, kí ó sì wo àlàfo tí ó wà láàrin òòlù àti férémù. Bí ó bá rí irin pẹlẹbẹ tí ó dúró níwájú abẹ́rẹ́, transfer bar wà níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ nìkan ni ó rí, ọta márùn-ún ni kí ó máa kó sí i, ohun yòówù tí ẹni tí ó tà á fún un ìbáà sọ. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, mi ò sì rí ìdí kankan tí ènìyàn yóò fi fò ó.

Ọ̀nà tí a ń gbà kó ọta sí i tún ń tú àṣírí ẹ̀yà. Nínú ti àtijọ́ tí a kò tún ṣe, a gbọ́dọ̀ fa òòlù dé ìdajì ọ̀nà kí sílíńdà tó lè yí. Nínú ti tuntun, ṣíṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tú sílíńdà sílẹ̀, òòlù kò sì ní ibi ìdúró kankan ní ìdajì ọ̀nà. Ẹni tí àtijọ́ ti mọ́ lára, tí ó wá ń wá ìdajì ọ̀nà yìí lára ti tuntun, lè jẹ́ kí òòlù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí a má ṣe fi agbára yí sílíńdà tí kò bá fẹ́ yí.

Orúkọ àti àmì ara ìbọn náà ń tan ni jẹ. Super Single-Six dún bí ohun tuntun, bẹ́ẹ̀ ọdún 1964 ni ó ti wà. Gbólóhùn nípa igba ọdún òmìnira Amẹ́ríkà tí ó wà lára àwọn Ruger ọdún 1976 kò sọ ìbọn kankan di àkànṣe, nítorí pé gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Orí férémù pẹrẹsẹ, tí ó jẹ́ àmì Blackhawk ìgbà àkọ́kọ́, ti padà wá láti ọdún 2005 lára ìbọn tí transfer bar wà nínú rẹ̀. Èèkù kò sì yẹ ní ohun tí a ń wò rárá, nítorí ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Àkọlé NEW MODEL lára férémù wúlò jù wọ́n lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé ìmọ̀ Ruger lọ bá Colt Single Action Army, ìbọn ìléwọ́ tí ilé-iṣẹ́ Colt ń ṣe. Ọdún 1873 ni Colt yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, síbẹ̀ kò sí transfer bar nínú èyí tí ó jáde lẹ́yìn ìgbà náà. Ọta márùn-ún péré ni kí a máa kó sí gbogbo wọn. Ní ti àwọn tí ó pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí bọ́tìnnì onísípíríǹgì bá di ọ̀pá àárín sílíńdà mú, dípò sukúrúù tí ó wà níwájú férémù, ìbọn náà lè gba ẹ̀tù ìgbàlódé. Ṣáájú ọdún 1900 ni bọ́tìnnì náà ti dé, bẹ́ẹ̀ ọdún 1900 gan-an ni Colt ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé ìbọn náà lè gba ẹ̀tù tí kò ní èéfín.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Vaquero, ìbọn Ruger mìíràn, nítorí pé níbẹ̀ ni tuntun ti jẹ́ aláìlágbára ju àtijọ́ lọ. Vaquero ọdún 1993 ní férémù ńlá bíi ti Blackhawk, ó sì lè gba ọta .45 Colt (orúkọ irú ọta kan ni, kì í ṣe ìbọn) tí agbára rẹ̀ ju ti gbogboogbò lọ, irú èyí tí ìwé àwọn tí ń di ọta fúnra wọn ń kọ ọ̀tọ̀ fún Ruger. Ní ọdún 2005 ni New Vaquero rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dín férémù àti sílíńdà kù kí ó lè súnmọ́ ìwọ̀n Colt. Transfer bar wà nínú méjèèjì, nítorí náà àyẹ̀wò tí mo ṣàlàyé lókè kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà ara ìbọn ni kí a wò. Ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 55, 56, 57 tàbí 58, kí ìlà kékeré tó tẹ̀lé e. Ẹni tí nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 510, 511, 512 tàbí 513 kò gbọ́dọ̀ fi ọta alágbára yẹn sínú rẹ̀ rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Ruger ni wọ́n kọ sí ara páálí ọta náà.