Bí mo ṣe ń tọ́jú ìrẹsì pẹlẹbẹ kó má baà rọ̀

Ìrẹsì pẹlẹbẹ ni ìrẹsì tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti yan, tí wọ́n sì ti tẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fífẹ́lẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rinrin máa tètè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pípẹ́ nílé ló kọ́kọ́ ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu, omi inú atẹ́gùn ni.

Bí mo bá ti tú ọ̀rá rẹ̀, n kì í dá a padà síbẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi asẹ́ kù ú, kí èérún jáde, torí èérún yẹn ló máa ń di ẹ̀kọ bí omi bá kàn án. Ìgò kéékèèké mẹ́ta tó gbẹ táútáú, tó ní rọ́bà lẹ́nu ìdérí, ni mo máa ń pín in sí. Bó bá jẹ́ ìgò ńlá kan ni, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i ni atẹ́gùn ń kan gbogbo rẹ̀.

Mo yan odindi kílò kan nígbà kan, mo kánjú dé e nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti sẹ̀ sábẹ́ ìdérí bí òógùn iwájú orí, ti òkè sì ti lẹ̀ mọ́ra. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, orí tíréè ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, títí ìsàlẹ̀ tíréè á fi tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ má gbé ìgò náà sókè sítóòfù, ooru ìkòkò á dé ibẹ̀. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ tàbí àlùbọ́sà, ó máa ń fa òórùn mọ́ra. Ṣíbí gbígbẹ nìkan ni kó wọnú rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rọ̀, mo máa ń mú ẹyọ kan ṣẹ́ nítòsí etí mi. Bó bá ṣẹ́, tó dún “pẹ́!”, kò sí wàhálà. Bó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, mo máa ń dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré, máa rò ó fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, láìjẹ́ kó pupa. Ṣùgbọ́n bó bá ti bu tàbí tó ń rùn, iná ò tún un ṣe o, ẹ dà á nù.

Ẹ̀rù kòkòrò ń bà yín? Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú fìríìsà tó wà ní -18°C fún ọjọ́ 4. Ẹyin kòkòrò á kú. Bẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tíì ṣí i títí ìgò ò fi ní tutù mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sí i lára.

Èyí tó fẹ́lẹ́ jù ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ tán. Èyí tó nípọn lè dúró dè mí.